Bí Wọ́n Bá Ká Oògùn Olóró Mọ́ Ọmọ Wa Lọ́wọ́

  

Owó la sábà máa ń sọ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Lónìí, ọmọ la fẹ́ sọ. Gbogbo wa tí a ń tajà ní Challenge yìí la mọ̀ pé igbó àti tramadol ti wọ àárín àwọn ọmọ. Bí NDLEA bá mú ọmọ, ìyá á máa sáré wá ẹni tó máa bá a bẹ̀ wọ́n. Owó á lọ, ọjọ́ á lọ, ẹjọ́ kò ní dúró.

Òfin NDLEA gbé ẹjọ́ oògùn olóró lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká kokéènì tàbí oògùn irú rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 ni òfin kọ fún un. Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, tí Kwara náà ti sọ di tirẹ̀, ní ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Kóòtù ẹbí ló yẹ kó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ jù ú sẹ́wọ̀n. Òfin méjèèjì ń fa ọmọ kan náà. Ọjọ́ orí rẹ̀ ni lọ́yà máa dì mú.

Àwọn kan á ní, "Bí kò bá dáa, a ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn." Òótọ́ ni, kóòtù náà wà ní Ìlọrin níbí. Ṣùgbọ́n 90 ọjọ́ péré la ní lẹ́yìn ìdájọ́, ohun tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ ní kóòtù àkọ́kọ́ ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Ní 1988, nínú ẹjọ́ Modupe, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé bí ẹ̀rí bá wà nínú ìwé ẹjọ́ pé ẹni náà kò tíì pé 17 nígbà tó ṣẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ dá a lẹ́jọ́ ikú. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ oògùn olóró, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kàn wá: ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ló ń gbani.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ tọ́jú ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ bí ẹ ṣe ń tọ́jú páàsìbúùkù ẹgbẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ sọ pé òun jẹ̀bi kí lọ́yà tó dé. Bí kò bá sówó, ẹ lọ bá Legal Aid Council, ọ̀fẹ́ ni ti aláìní. Ẹ tètè fi tó ẹgbẹ́ létí, ẹ má fi ìtìjú bò ó mọ́lẹ̀.

Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa.