OJÚ ÌWÉ KAN LÓÒJỌ́, BÍ ỌJÀ TILẸ̀ GBÓNÁ

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣù Ọ̀wàrà, kí ọjà ọdún tó wọlé. Àwọn tí kò ráyè wá ló bẹ̀bẹ̀ pé kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ẹgbẹ́.)

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ láti Ayétòrò, láti Ugbonla, láti Awoye, kẹ́ ẹ tó dé Igbókòdá láàárọ̀ yìí, Ọlọ́run tó mú yín wá á mú yín padà láyọ̀. Àmín.

Nígbà tí Ìyálọ́jà ní kí n wá sọ̀rọ̀, àyà mi já, mo rò pé ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Akọ̀wé, fi owó sílẹ̀ ná. Ti ìwé tó o máa ń kà nídìí ẹja ni kó o sọ fún wọn.” Mo mọ̀ pé àwọn kan ń pè mí ní Tíṣà Eléja lẹ́yìn mi. Mo ti gbọ́, kò bí mi nínú. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe tíṣà o. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ọdún 1967 ni mo wọ ilé ìwé. Nígbà tí mo parí, bàbá mi ní owó tó wà nílẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni. Ni mo bá bọ́ sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ìyá mi, a ń ta ẹja. Láti ọjọ́ náà títí dòní, ẹja ni.

Ìyá mi ńkọ́? Kò mọ̀wé rárá. Ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn, ìyá mi ti wà nílé ọkọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fojú di obìnrin náà. Èédú ló fi ń fa ìlà sára pákó ilé wa. Ìlà kan, apẹ̀rẹ̀ kan. Ẹni tó bá san owó, ó nu tirẹ̀ kúrò. Ó mọ ìlà ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ojú ọmọ rẹ̀.

Ní ọdún kan, òkun ya wọlé lóru. Ẹ̀yin ará etí òkun, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. A gbé àwọn ọmọ, a gbé ìkòkò, a sá. Nígbà tílẹ̀ mọ́, omi ti gbé ògiri náà lọ, àti gbogbo gbèsè tó wà lára rẹ̀. Ìyá mi lọ bá àwọn tó jẹ ẹ́ lówó. Àwọn kan san, Ọlọ́run á bù kún wọn. Àwọn kan ní, “Ìyá, kò tó bẹ́ẹ̀.” Kí ló fẹ́ fi hàn wọ́n? Ó padà wálé, ó jókòó, ó wò mí, ó ní, “Ìwọ tó o kàwé yìí, máa kọ ọ́ sílẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà ni mo ń bá bọ̀ látọjọ́ yẹn. Òun náà ló sọ mí di akọ̀wé yín.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti àsìkò tó wà níwájú wa. Bélú ń bọ̀, Ọ̀pẹ ń bọ̀. Ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Àwọn oníbàárà á ti Èkó wá, wọ́n á ti Ìbàdàn wá, wọ́n á ti Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa wá. Gbogbo wọn á fẹ́ edé lẹ́ẹ̀kan náà. A máa yan ẹja mọ́jú. A ò ní í mọ ọjọ́ tó lọ tàbí ọjọ́ tó bọ̀. Ẹni tó bá sọ fún wa nígbà yẹn pé ká kàwé, a lè fi ìgbálẹ̀ lé e. (Ẹ̀rín.)

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ìgbà tọ́wọ́ dí jù yẹn gan-an ni ìwé kíkà wúlò jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe mí.

Ní oṣù Bélú ọdún kan, mo fẹ́ yá owó láti fi kó edé. Àwa márùn-ún la para pọ̀. Àwọn tó ń yáni lówó rán ọmọkùnrin kan wá sí ìsọ̀ mi. Èmi ń ka kóńgò edé fún oníbàárà, mo ti dé orí mẹ́tàdínlógún. Ó na ìwé sí mi, ó ní, “Mọ́mì, ẹ kàn fọwọ́ sí i níbí, àwọn yòókù ti fọwọ́ sí i.” Mo gba bírò, mo fọwọ́ sí i, mo ń bá kóńgò mi lọ. Èmi Tíṣà Eléja!

Ní oṣù Ṣẹẹrẹ, ara ọ̀kan nínú wa kò yá, ọjà rẹ̀ bà jẹ́, kò rí owó san. Wọ́n bá yọ ọ́ nínú owó tí àwa yòókù ti fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn. Nínú tèmi, ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta Náírà ló lọ. Mo fi ìbínú dé ọ́fíìsì wọn. Obìnrin tó wà níbẹ̀ kò bá mi jà. Ó kàn yí ìwé náà sódì, ó fi ìka hàn mí. Ó wà níbẹ̀ pé bí ẹnì kan kò bá san, àwọn yòókù ni yóò san án. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹnikẹ́ni kò jí owó mi. Èmi ni mi ò ka ẹ̀yìn ìwé. Ká ní mo kà á, ó ṣeé ṣe kí n ṣì fọwọ́ sí i, nítorí ọ̀rẹ́ mi ni ẹni yẹn. Ṣùgbọ́n màá ti mọ ohun tí mò ń ṣe.

Mo wálé, ojú tì mí. Mo bi ara mi pé ìgbà wo ni mo ti ka nǹkan kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ kẹ́yìn? Yàtọ̀ sí Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò lè rántí. Mo rí i pé ìwé kíkà dà bí àdá. Bó bá pẹ́ nílẹ̀, yóò dógùn-ún. Ẹni tí kì í kàwé nígbà tí ara tù ú, ojú rẹ̀ kì í yá síwèé nígbà tí wọ́n bá ń kánjú rẹ̀.

Ni mo bá pinnu. Ojú ìwé kan lóòjọ́, bí ọjà tilẹ̀ gbóná bí iná. Mi ò fi ìwé tó ṣòro bẹ̀rẹ̀. Ìwé Fágúnwà ni mo mú, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ọmọ ọmọ mi gbé dé láti ilé ìwé. Ará ilé wa ni Fágúnwà. Ọmọ Òkè-Igbó ni, ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó wa yìí, iṣẹ́ tíṣà ló ṣe. Ọdún 1938 ni ìwé yẹn jáde. Ó tún kọ mẹ́rin mìíràn tó jẹ́ ìtàn gígùn. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ti àkọ́kọ́ yẹn sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ohun tó dùn mí ni pé omi ló gbé Fágúnwà lọ, ní Wúyà nítòsí Bídà, ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1963. Àwa tí a ń gbé lórí omi mọ bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń ṣe ilé.

Ẹ wo ohun kan nínú ìwé náà. Àkàrà-ògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn, kò sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó sọ díẹ̀, ó dìde, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, ó bá àwọn èèyàn tí wọ́n ti ń retí rẹ̀, tí wọ́n sì pọ̀ ju ti àná lọ. Mo ní, “Àṣé bí wọ́n ṣe ń kàwé nìyí!” Díẹ̀ lónìí, kí ọ̀la lè dùn ún retí.

Ibo ni mo ti ń rí àyè? Ẹ̀yin náà ní àyè yẹn, ẹ ò kà á sí ni. Ẹja tó wà lórí iná, a kì í fi í sílẹ̀ lọ. A máa jókòó tì í, ká máa ṣọ́ iná, kó má jó, kó má kú. Lẹ́yìn tí mo bá ti yí ẹja, kí n tó tún un yí, ojú ìwé kan ti lọ. Ìgbà tí a bá ń dúró kí èrò kún ọkọ̀ ní èbúté, ojú ìwé kan ti lọ. Mo ń lo fìtílà olóòrùn kékeré lálẹ́, nítorí a mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Mo máa ń gbé epo ẹ̀pà díẹ̀ tì mí, tàbí omi tútù, mo tẹ́ ẹsẹ̀ sílẹ̀. Èéfín ẹja ń lọ sókè, àwọn ọmọ ti sùn, kò sí ẹni tó ń pè mí pé eléja, èló ni? Ẹ̀yin obìnrin, ẹ gbọ́, ìsinmi ni. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Mi ò ní purọ́ fún yín. Bélú ní ọgbọ̀n ọjọ́, Ọ̀pẹ ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ojú ìwé 61 ni mo dá lé lọ́dún tó kọjá. Ẹ ó bi mí, mélòó ni mo kà? 38. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì, mi ò ṣí ìwé rárá, oorun ló ń gbé mi. Ṣùgbọ́n 38 sàn ju òdo lọ. Àbí tí èèyàn bá ń retí apẹ̀rẹ̀ edé mẹ́wàá, tí mẹ́fà dé, ṣé yóò dà á sómi? Lọ́dún yìí, 61 náà ni mo tún dá lé. Ẹ bá mi ṣọ́ ọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀wé, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ní ìlà ìsọ̀ tiwa, alata tó jókòó tì mí kò mọ A. Èmi ń kà, òun ń gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, òun ló máa ń rán mi létí ibi tí a dé. Nígbà mìíràn mo gbọ́ tó ń sọ ìtàn náà fún oníbàárà, ó sì dùn ju bí mo ṣe kà á lọ! Ó ti ń kọ orúkọ rẹ̀ báyìí. Ó ní òun ò tún ní í tẹ̀ka mọ́.

Nǹkan mẹ́rin ni mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ mú dání lọ́jà ọdún yìí.

Èkíní, káàdì àjọ. Ẹ kà á lójú alájọ kó tó lọ. Tẹ́ ẹ bá dá owó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí àmì mẹ́ta wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé alájọ jẹ́ olè. Òun náà lè gbàgbé.

Èkejì, fóònù. Nígbà tí owó Náírà di ọ̀wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí wọ́n ń pààrọ̀ owó, púpọ̀ nínú wa ló bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lórí fóònù láìmọ bí wọ́n ṣe ń ka álààtì. Oníbàárà á ní, “Mo ti fi ránṣẹ́, ẹ wò ó,” á fi fóònù tirẹ̀ hàn yín. Ẹ má wo tirẹ̀. Álààtì irọ́ pọ̀. Ẹ wo iye tó wà nínú àpò owó tiyín ní báǹkì, bóyá ó ti lé. Bí kò bá tíì lé, ọjà ò tíì lọ. Bí ẹ ò bá lè kà á, ẹ pe ọmọ yín, ẹ pe aládùúgbò. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ọjà inú agolo àti inú páálí. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò bà jẹ́ lára rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà á láti tún un tà. Àwọn kan máa ń kó èyí tó ti fẹ́ bà jẹ́ wá nígbà ọdún, torí wọ́n mọ̀ pé à ń kánjú.

Ẹ̀kẹrin, omi. Omi ò mọ ìwé. Ìwé gbèsè, ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ, ẹ fi ọ̀rá dì wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ẹ kó wọn sínú kẹ́ẹ̀gì tàbí ike tó lọ́mọrí, ẹ gbé e sókè. Ẹ rántí ògiri ìyá mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ ojú. Àwọn kan ní, “Akọ̀wé, ojú mi ò gbé e mọ́.” Tèmi náà ò gbé e. Awò ni mo ń lò. Ṣùgbọ́n ẹ má ra awò lórí àtẹ kí dókítà tó wo ojú yín. Àrùn ojú kan wà tó máa ń jẹ ojú díẹ̀díẹ̀, tí kì í dunni, tó sì jẹ́ pé ohun tó bá ti jẹ, kì í padà.

Ní ìparí, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan síwájú ilé. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ra ike ńlá kan tó lọ́mọrí, ká gbé e sí ọ́fíìsì wa. Kí ẹni tó bá ní ìwé nílé mú ẹyọ kan wá, Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, kódà Aláwìíyé tí ọmọ ti kà sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kà á yóò kọ orúkọ, yóò dá a padà. Èmi ni màá kọ́kọ́ mú tèmi wá. Bẹ́ ẹ bá rí i tó rùn ẹja díẹ̀, ẹ fojú fò ó, ibi tí mo ti kà á ni.

Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fi ojú wa sọnù, kó má jẹ̀ẹ́ ká fi owó wa jìyà àìmọ̀. Ọjà ọdún yìí á tà. Omi ò ní í gbé wa, òkun ò ní í gba ilé wa. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ á gúnlẹ̀. Àmín.

Ẹja mi wà lórí iná.

— Akọ̀wé Ẹgbẹ́

(Ilé fọwọ́ sí ẹ̀bẹ̀ náà. Ike ti wà ní ọ́fíìsì. Ẹ mú ìwé wá.)