Ìbọn Tí Bàbá Fi Sílẹ̀

 

Ọjọ́ orí wa ti dé ibi tí a ń sin òbí. Lẹ́yìn ìsìnkú ni ogún pínpín, ibẹ̀ la sì ti ń bá ìbọn pàdé lórí àjà. Ẹnì kan á ní owó ńlá ni, ẹlòmíràn á ní irin pàǹtírí ni, ọmọ ìyá á sì máa bínú síra wọn lórí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ wa kò gùn: ẹ jẹ́ ká mọ ìbọn ká tó díye lé e.

Àwọn àgbà ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ ká kọ ọ́ sí òun? Ẹ kà á sí pé ọta wà nínú rẹ̀. Ẹ̀tù lè wà nínú ṣakabùlà láti ayé bàbá. Ẹ má yìn ín wò.

Èyí tí wọ́n ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu ni ṣakabùlà. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ ọ́. Púpọ̀ sì ti Birmingham wá nígbà òwò orí omi. Èyí tó ń ṣẹ́ sí méjì láti ìdí, tó sábà máa ń lẹ́nu méjì, ni ìbọn ọdẹ aláfẹ́ òyìnbó.

Bí ó bá jẹ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, abẹ́ ọ̀pá rẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Ilé tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò ní Birmingham ti wà láti 1813, wọ́n sì ń lu àmì sára irin. Bí ẹ bá rí «NOT FOR BALL», ó ti wà ṣáájú 1887. «NITRO PROOF» kò sí ṣáájú 1896. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdánwò ni àmì ń sọ: wọ́n lè tún ìbọn àtijọ́ dán wò. Orúkọ ara rẹ̀ náà lè jẹ́ ti ẹni tó tà á, kì í ṣe ti ẹni tó ṣe é. Nọ́ńbà rẹ̀ ṣe pàtàkì: Westley Richards àti Holland & Holland ṣì ní ìwé àkọsílẹ̀ wọn àtijọ́.

Bí irin ọ̀pá bá ní ìlà wínníwínní bí aṣọ híhun, irin tí wọ́n lọ́ pọ̀ ni. Ọta òde òní lè fà á ya mọ́ ẹni lọ́wọ́.

Ohun tó ń sọ iye rẹ̀ ni ẹni tó ṣe é, bí inú ọ̀pá ṣe mọ́, igi ìdí rẹ̀ tí kò là, àti àmì tí kò pa rẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà fi sáńpépà họ ọ́. Iye rẹ̀ ló ń họ dànù yẹn.

Ṣùgbọ́n ìwé ṣáájú owó. Òfin Ìbọn ti 1959 ní kí àṣẹ wà fún ìbọn ọdẹ àti ṣakabùlà. Orúkọ bàbá ló wà lórí ìwé àṣẹ bàbá. Ọmọ kì í jogún rẹ̀. Ẹ má gbé ìbọn sọ́kọ̀. Ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí, kí wọ́n sọ bí yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìbọn tí kò níwèé kò ṣeé tà, nítorí náà kò yẹ ní ohun tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń torí rẹ̀ kọ ara wọn. Bàbá kò fi ìjà sílẹ̀ fún wa.