Nígbà Tí Máńgòrò Bá So Ju Agbára Rẹ̀ Lọ

ÌRÓ: Afẹ́fẹ́ láàárín ewé. Máńgòrò méjì já lulẹ̀: gbì, gbì.

SỌ̀RỌ̀SỌ̀RỌ̀: Òjò àkọ́rọ̀ ti ń ṣú bọ̀. Ní ẹ̀yìnkùlé káàkiri Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, àti Ògbómọ̀ṣọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ máńgòrò, igi ti so jìngbìnnì, ẹ̀ka ti ń tẹ̀. Onígi ń dúpẹ́. Pàlàkà igi lèmi ń wò, nítorí ibẹ̀ ni yóò ti fàya bí ìjì bá dé.

Ìgbà ọyẹ́ ni máńgòrò máa ń tanná. Nínú òdòdó rẹpẹtẹ tó wà lórí ṣírí kan, díẹ̀ ló ń di èso. Igi fúnra rẹ̀ tún máa ń gbọn ọ̀pọ̀ nínú wọn dànù ní kékeré. Ẹ má ṣe bẹ̀rù ìyẹn. Àmọ́ lọ́dún mìíràn, èyí tó kù á ṣì pọ̀ jù. Gbogbo oúnjẹ tí igi kó pamọ́ sára àti sí gbòǹgbò ni èso yóò jẹ tán. Kò ní í rí èyí tí yóò fi yọ ẹ̀ka tuntun, bẹ́ẹ̀ orí ẹ̀ka tuntun ni òdòdó ọdún tó ń bọ̀ ti ń yọ. Ló bá yàgàn lọ́dún kejì. Àwọn kan á ní ayé ló ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ebi ló ń pa á.

ÌRÓ: Àlùmọ́gàjí ń gé nǹkan.

SỌ̀RỌ̀SỌ̀RỌ̀: Ó máa ń dunni láti gé èso tí kò tíì gbó. Ẹ gé e. Bí wọ́n bá ti tó ẹyin adìẹ, tí igi sì ti gbọn tirẹ̀ tán, ẹ mú èyí tó kéré jù, èyí tó lápá, èyí tó fún mọ́ra. Kí ẹyọ kan tàbí méjì kù lórí ṣírí kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fà á já, kí èèpo ẹ̀ka má baà bó. Kí ẹ sì yẹjú fún oje rẹ̀, ó máa ń jó ara. Àwọn ọmọdé yóò fi iyọ̀ jẹ èyí tí ẹ gé.

Ẹ̀ka tó ti tẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi ọ̀pá onípàlàkà gbé e ró, kí ẹ wé àkísà mọ́ ẹnu ọ̀pá náà. Ẹ má tì í sókè. Kó má ṣáà wálẹ̀ mọ́ ni.

Èyí tó já sílẹ̀, ẹ ṣà á lójoojúmọ́. Eṣinṣin èso kan wà tó ti Éṣíà wá, ní Kẹ́ńyà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ Áfíríkà ní 2003. Inú máńgòrò ló ń yé sí, ìdin rẹ̀ á wọlẹ̀, á tún di eṣinṣin. Ẹ di èso náà sínú ọ̀rá dúdú, ẹ so ó pinpin, ẹ sá a sóòrùn.

Bí ẹ bá ti kórè tán, nígbà tí òjò ṣì wà, ẹ ré ẹ̀ka tó gbẹ àti èyí tó ṣíji bo àwọn yòókù. Ẹ da ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà yí igi ká, kó má kan ìdí rẹ̀. Tó bá di oṣù kọkànlá, ẹ gbé àdá jù sílẹ̀: ẹ̀ka tí ẹ bá gé nígbà náà, òdòdó ọyẹ́ ni ẹ gé.