Ta Ló Ń Béèrè Ibi Tí Owó Ìlú Gbà?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tó wáyé ní Basin, Ìlọrin

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ ṣe ń yẹ ìnáwó ìjọba wò. Ọ̀rọ̀ Àbújá ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n Basin níbí ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Bí èèyàn bá dárúkọ Basin ní Ìlọrin, ọkàn á lọ sọ́dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó odò, Lower Niger River Basin Development Authority, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìlú yìí. Lọ́dún 1973 ni ìjọba ológun kọ́kọ́ dá irú àjọ bẹ́ẹ̀ méjì sílẹ̀, ti Sókótó àti ti Adágún Chad. Nígbà tó di 1976, wọ́n sọ wọ́n di mọ́kànlá. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ dá wọn sílẹ̀ kò ṣòro láti yé èèyàn: kí wọ́n sé odò, kí omi dé oko, kí àgbẹ̀ lè gbin nǹkan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ wáá ṣí ìwé ìṣúná ìjọba àpapọ̀ ti ìsinsìnyí sí ojú ìwé àwọn àjọ odò. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó ní orúkọ iṣẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ kan tó ń sọ bóyá iṣẹ́ tuntun ni àbí èyí tó ti ń lọ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni iye owó. Láàárín ìsédò àti kànga, ẹ ó rí iná sólà ojú pópó, ẹ ó rí kíláàsì ilé ìwé, ẹ ó rí ọ̀kadà àti ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n fẹ́ fi ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Kí ni ẹ̀rọ ìránṣọ ń wá nínú odò?

Iṣẹ́ àkànṣe ẹkùn là ń pè é. Sẹ́nétọ̀ 109 àti aṣojú-ṣòfin 360 ló ní ìpín nínú rẹ̀, bílíọ̀nù 100 náírà lọ́dún sì ni iye tí a ti ń gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Òfin kò fún aṣòfin láyè láti na owó ìjọba fúnra rẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wá àjọ kan tí yóò gbé iṣẹ́ náà kọ́ lọ́rùn. Àjọ odò wà káàkiri, ọrùn rẹ̀ sì gbà á. Mi ò sọ pé kí abúlé má rí iná o. Ìbéèrè mi ni pé: aṣòfin tó fi iṣẹ́ yẹn sínú ìwé, tó mọ ibi tí yóò wà, tí ará ẹkùn rẹ̀ yóò tìtorí ẹ̀ dìbò fún un, òun kan náà ni òfin ní kó wá bi àjọ náà léèrè bí wọ́n ṣe ṣe é. Ta ni yóò bi òun?

Agbára tí òfin fún wọn kò kéré. Abala 80 ìwé òfin 1999 ní kọ́bọ̀ kan kò gbọdọ̀ kúrò nínú àpò ìjọba àpapọ̀ àfi bí Ilé Aṣòfin bá fọwọ́ sí i. Abala 81 ní kí Ààrẹ gbé àbá ìṣúná wá síwájú wọn. Abala 88 àti 89 fún wọn láṣẹ láti wádìí, láti ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni, kí wọ́n sì ní kí wọ́n mú ẹni tó bá kọ̀ láti wá. Abala 85 ní kí Olùyẹ̀wò Owó Àgbà gbé ìròyìn rẹ̀ wá fún Ilé méjèèjì. Kò sí ohun tí àwọn tó kọ òfin yẹn fi pa mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń lò ó. Tí àbá ìṣúná bá ti dé, wọ́n á kà á, wọ́n á pín in fún àwọn kọ́míìtì, olórí àjọ kọ̀ọ̀kan á sì wá gbèjà tirẹ̀. Ní oṣù Kejì 2016, Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adewole, mínísítà ètò ìlera nígbà náà, dúró síwájú kọ́míìtì Sẹ́nétì láti gbèjà ìṣúná ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé iye tó wà nínú ìwé kì í ṣe èyí tí àwọn fi ránṣẹ́. Ẹ rò ó wò ná. Olóko dé oko, ó ní iṣu tí òun gbìn kọ́ nìyí. Bí wọn ò bá pè é síta gbangba, ta ni ìbá mọ̀? Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ pé ìpàdé yẹn wúlò, bó ti wù kó sú èèyàn tó.

Èyí tó tún sún mọ́ wa ni ti owó ìrànwọ́ epo. Ní oṣù Kẹsàn-án 2011, Sẹ́nétọ̀ Bukola Saraki, ọmọ Agbájì níbí, dìde ní Sẹ́nétì. Ó ní bílíọ̀nù 240 náírà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọdún náà, ṣùgbọ́n kí oṣù Kẹjọ tó parí, bílíọ̀nù 931 ti lọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ àti ẹ̀yin tí ẹ kò fẹ́ràn rẹ̀, mo mọ̀ pé ẹ pọ̀ níhìn-ín, ẹ jẹ́ ká gbà pé ìbéèrè gidi nìyẹn. Lẹ́yìn tí epo wọ́n ní oṣù Kìíní 2012, tí ìlú dàrú, Ilé Aṣojú-ṣòfin gbé kọ́míìtì kalẹ̀ lábẹ́ Farouk Lawan. Wọ́n jókòó ní gbangba, tẹlifíṣàn ń gbé e, ìlú ń wò. Wọ́n rí i pé owó tó jáde ju trílíọ̀nù 2 náírà lọ. Àfi bí ìròyìn ṣe gba ìgboro kan pé alága fúnra rẹ̀ gba owó dọ́là lọ́wọ́ olówó epo kan kí ó lè yọ orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ kúrò. Lọ́dún 2021 ni ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún méje, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín in kù sí márùn-ún, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní 2024. Ìwádìí tó dára jù lọ tí mo mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ owó ìlú wa nìyẹn. Bó ṣe parí nìyẹn.

Nígbà mìíràn, owó á ti lọ kí wọ́n tó gbọ́. Ìjọba Buhari ń yá owó lọ́wọ́ Báńkì Àpapọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ju trílíọ̀nù 22 náírà lọ. Ìgbà tó di oṣù Kejìlá 2022 ni lẹ́tà dé Ilé Aṣòfin pé kí wọ́n fọwọ́ sí i kó di gbèsè ọlọ́jọ́ pípẹ́. Àwọn sẹ́nétọ̀ kọ́kọ́ fárígá, wọ́n ní kí wọ́n kó àlàyé wá. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún 2023, tí ìjọba ń palẹ̀ mọ́, wọ́n fọwọ́ sí i. Ó dà bí ẹni tó ti gbé ìyàwó wálé, tó ti bímọ mẹ́ta, tó wáá ń rán alárinà lọ tọrọ rẹ̀.

Àmọ́ ibi tó ń dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Ẹ̀yìn ìnáwó ni. Ní England, láti 1861 ni Ilé Aṣòfin wọn ti ní ìgbìmọ̀ tó ń yẹ àkọsílẹ̀ owó wò, inú ẹgbẹ́ alátakò ni wọ́n sì ti ń mú alága rẹ̀. Àwa náà ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, a sì ní olùyẹ̀wò owó. Vincent Azie, tó ń dípò Olùyẹ̀wò Owó Àgbà, gbé ìròyìn ìnáwó 2001 jáde ní oṣù Kìíní 2003, ó sì dárúkọ àwọn tó hùwà kò tọ́ láì wojú ẹnikẹ́ni. Oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n yọ ọ́. Àwọn aṣòfin pariwo díẹ̀, ilẹ̀ sì ṣú.

Ti àbẹ̀wò ńkọ́? Mo bá àwọn kọ́míìtì kan lọ rí, n kò ní sọ ọdún, n kò sì ní dárúkọ àjọ. Àjọ tí a fẹ́ yẹ̀ wò ló gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì, òun ló gbé bọ́ọ̀sì wá, òun ló se àmàlà àti ẹran ògúfe. Nígbà tí a fi máa dé ìdí kànga dẹ̀rọ tí a bá lọ, oòrùn ti ń wọ̀. Wọ́n ya fọ́tò níwájú táǹkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní búlúù. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń ru garawa bọ̀ láti odò dúró, ó wò wá, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ṣé ẹ máa fi ẹ̀rọ sí i lónìí ni?" Alága rẹ́rìn-ín, ó wọ mọ́tò. Bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ìbéèrè ìyá yẹn kò sí nínú ìròyìn tí kọ́míìtì kọ.

Kí n má bàa purọ́ mọ́ wọn, ó níbi tí wọ́n ti ṣe é dáadáa. Àwọn àbá òfin owó orí tí Ààrẹ Tinubu fi ránṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá 2024 fẹ́ gbé owó orí ọjà, VAT, kúrò ní 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè. Àwọn gómìnà fapá jánú, ìlú sọ̀rọ̀, Ilé Aṣòfin pe ìjíròrò ìta gbangba, nígbà tí Ààrẹ sì máa fọwọ́ sí òfin náà ní oṣù Kẹfà 2025, 7.5 náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ariwo ló ṣe é. Aṣòfin tó bá mọ̀ pé wọ́n ń wo òun kì í sùn.

Ìlú yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi ìjọba léèrè. Ní 1956, àwọn tálákà Ìlọrin tí wọ́n kóra jọ lábẹ́ Ìlọrin Tálákà Parapọ̀ fi ìbò gba ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ níbí, kí ìjọba Àríwá tó tú u ká ní 1958. Àwọn bàbá wa ni.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe kò le. Ìwé ìṣúná wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn yẹn, ẹ ṣí ojú ìwé àjọ odò tiwa, kí ẹ wá orúkọ abúlé yín, kí ẹ kọ nọ́ńbà ìlà náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ bi àwọn tó ń ponmi níbẹ̀ bóyá omi ń yọ. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí aṣòfin yín, kí ẹ sì béèrè èsì. Sẹ́nétọ̀ mẹ́ta àti aṣojú-ṣòfin mẹ́fà ni Kwara ní. Mẹ́sàn-án péré ni lẹ́tà tí ẹ máa kọ.