Owó Ìtanràn Lórí Ìwé Iná, Ìwé Omi àti Owó Orí Ilé: Ọ̀rọ̀ Tí Ìgbìmọ̀ Owó Ìrànlọ́wọ́ Bá Ìpàdé Sọ

Àwa tí ẹgbẹ́ fi ṣọ́ owó ìrànlọ́wọ́ ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí owó tí à ń san nítorí pé a pẹ́ kí a tó san owó.

Àìsàn àti òkú ni a máa ń retí pé yóò gbé ènìyàn wá sọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń wá tí ó jẹ́ pé wọ́n ti gé iná wọn, tàbí tí wọ́n ti fi àgádágodo ti ìsọ̀ wọn pa. Bí a bá gba ìwé ọwọ́ wọn wò, gbèsè gan-an kì í pọ̀. Ohun tí ó gun orí gbèsè náà ni ó ń dùn wọ́n jù, inú ẹgbẹ́ ni wọ́n sì ń wá a sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya àpò kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọ̀dọ̀ mẹ́rì ni gbogbo owó wọ̀nyí ń lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. CIE ni ó ń bójú tó iná láti 1990, SODECI ni ti omi. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ni àwọn méjèèjì, ìjọba ni ó gbé iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, owó tí ẹ bá san kí wọ́n tó dá iná yín padà kò ní tún gọ́tà àdúgbò yín ṣe. Lóòótọ́, owó kíkó ìdọ̀tí àti owó rédíò òun tẹlifíṣọ̀n ìjọba wà nínú ìwé iná, ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀. Owó orí ilé ńkọ́? Àwọn òṣìṣẹ́ owó orí ti ìjọba orílẹ̀-èdè, DGI, ni wọ́n ń gbà á, wọ́n a sì fún mẹ́rì ní ìpín tirẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ni ti mẹ́rì tààrà. Mẹ́rì mẹ́wàá ni ó sì wà nínú ìlú Abidjan nìkan, láìka Bingerville, Anyama àti Songon. Ẹni tí ó ń gbé Koumassi tí ó ń tajà ní Treichville, mẹ́rì méjì ni ó ní. Rìsíìtì ọ̀kan kò lè gbà á lọ́wọ́ èkejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká wa lára jù ni àgbàlá àjùmọ̀gbé. Ìdílé bíi mẹ́fà, mítà kan, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì wà lórí ìwé. Àwọn márùn-ún a dá tiwọn, ẹnì kẹfà a ní kí wọ́n dúró de òpin oṣù. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ náà kò ní lè san ààbọ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ iná bá dé, kì í béèrè ta ni ó dá owó, ta ni kò dá a. Ẹja inú ìyá aláta yóò bàjẹ́ nínú firísà nítorí gbèsè tí kì í ṣe tirẹ̀. A ti rí ìjà tí ó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ó wọ inú ẹgbẹ́ yìí. Àwọn tí ó ti gba mítà tí a ń kọ́kọ́ ra iná sí kí a tó lò ó ti bọ́ lọ́wọ́ èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkùnkùn náà ń bẹ fún ẹni tí kò bá rà á.

Àwọn kan a máa sọ pé kí a fara balẹ̀, pé ìjọba yóò dárí jì wá. Ní 2020, nígbà àrùn kòrónà, ìjọba Côte d'Ivoire sún ọjọ́ ìsanwó ìwé iná àti omi ti oṣù kẹrin sí oṣù keje, ti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ. Àwọn aláìní tí wọ́n wà lórí owó iná tàbí owó omi tí ó kéré jù nìkan ni ìjọba bá san. Àwa yòókù, sísún ni wọ́n sún un, wọn kò pa á rẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́lé sí Èkó mọ ti Land Use Charge. Lábẹ́ òfin 2001 nígbà náà, ẹni tí ó bá kọjá ọjọ́ 45 a máa fi ìdá mẹ́rin lé e, ẹni tí ó bá kọjá 75 a máa fi ìdajì lé e, ẹni tí ó bá kọjá 105 a máa san ìlọ́po méjì. Ká ní 40,000 náírà ni ìwé yín, á di 50,000, á di 60,000, á di 80,000, ilé kò sì kúrò níbi tí ó wà. Kékeré la ti ń pa ẹkàn ìrókò. Ní 2018 wọ́n tún fi kún owó náà, ariwo ta, gómìnà Ambode sì dín in kù. Nígbà tí ó di 2020, ìjọba Èkó wọ́gi lé owó ìtanràn ti 2017, 2018 àti 2019, ó sì lé ní bílíọ̀nù 5.7 náírà. Ẹ wo iye owó tí ó wà nínú ìwé tí kò wọ àpò ẹnikẹ́ni! Lójú tiwa, ìjọba tí ó bá ń ka ìtanràn mọ́ owó tí ó ń wọlé, ẹyẹ tí ó wà lórí igi ni ó ń kà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti yáwó san ìtanràn tirẹ̀ ṣáájú ìdáríjì yẹn, kí ni a fẹ́ sọ fún un?

Ìdí tí a fi wá nìyí. A kò fẹ́ kí owó ẹgbẹ́ máa san ìtanràn mọ́. A fẹ́ kí ó máa yá ọmọ ẹgbẹ́ ní owó ìwé gan-an kí ọjọ́ tó pé, láìsí èlé. Akápò yóò san án tààrà fún ilé-iṣẹ́ tàbí mẹ́rì, rìsíìtì yóò wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ títí ẹni náà yóò fi dá owó padà láàrin oṣù mẹ́ta. Àgbàlá tí ó ní mítà kan náà lè wá pọ̀, kí wọ́n jọ dúró fún ara wọn. Àwọn bàbá kan ti sọ fún wa pé àìsàn àti òkú ni a dá owó yìí sílẹ̀ fún, a sì gbọ́. Àmọ́ bí wọ́n bá ti ìsọ̀ ìyá kan pa fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ni yóò fi dá owó oṣù tirẹ̀ sí àpò tí a fẹ́ fi tọ́jú aláìsàn?

Kí ìpàdé yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì dìbò sí i lónìí. Ẹni tí ó bá mú ìwé tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé lọ́wọ́, kí ó rí akápò kí a tó pín oúnjẹ.