Okùn Ìbátan: Ìdí tí Ó Fi Yẹ kí Ènìyàn Mọ Orírun Rẹ̀



Bí a bá bi ọ̀dọ́ ìwòyí léèrè orúkọ ìyá tí ó bí ìyá àgbà rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó dákẹ́. Kò sí ẹni tí ó gba ìmọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò béèrè ni. Kí ìtumọ̀ àdánù yìí lè hàn kedere, ó yẹ kí ènìyàn wo àwọn tí a fi ipá gba orúkọ ìran wọn.

Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ètò ìkànìyàn ní ọdún 1850 àti 1860, ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n kọ àwọn ẹrú sí. Orúkọ ẹni tí ó ni ẹrú ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ní ti ẹrú, ọjọ́ orí rẹ̀, àwọ̀ ara rẹ̀, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ni wọ́n sábà máa ń kọ. Ọdún 1870, lẹ́yìn tí òmìnira ti dé ní 1865, ni wọ́n tó ka gbogbo wọn ní orúkọ bí ọmọ ènìyàn. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọkọ ni wọ́n ti tà kúrò lọ́dọ̀ aya, ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n sì ti já gbà kúrò lẹ́yìn ìyá. Láàárín 1880 sí 1900, ìwé ìròyìn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì kan ní New Orleans, Southwestern Christian Advocate, ń tẹ lẹ́tà àwọn tí ń wá ẹbí wọn, ó sì ń bẹ àwọn pásítọ̀ kí wọ́n kà á sétí ìjọ.

Wíwá náà kò dópin. Ní North Carolina, obìnrin kan tí ń jẹ́ Dorothy Spruill Redford fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá wádìí ìran rẹ̀. Ó tú ìwé ilé ẹjọ́, ó sì ka ìwé tí wọ́n fi ta àwọn bàbá ńlá rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ, 1986, ó pe àwọn àtọmọdọ́mọ ẹrú Somerset Place jọ sí oko ńlá náà. Nǹkan bí 2,000 ènìyàn ni ó pésẹ̀.

Mùsùlùmí wà nínú àwọn ẹrú wọ̀nyẹn. Bilali, tí ó ti ilẹ̀ Futa Jallon wá, gbé ní erékùṣù Sapelo ní Georgia. Ó fi ìwé ojú ewé 13 sílẹ̀ ní èdè Lárúbáwá, lórí àlùwàlá àti ìrun, tí ó fà yọ láti inú Risala, ìwé tí àwọn àáfà ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú ń kà. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ṣì ń dárúkọ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, Fatima àti Medina wà lára wọn. Wọ́n sì rántí àkàrà ìrẹsì tí àwọn ìyá àgbà wọn máa ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní “saraka.” Ta ni nínú àwọn olùgbọ́ tí kò mọ sàárà? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ré òkun kọjá, ó sì la oko ẹrú já, nítorí pé ìyá ń sọ ọ́, ọmọ sì ń gbọ́.

Bí ẹni tí a jí orúkọ rẹ̀ gbé bá lè wá a tó báyìí, àwáwí wo ni ó kù fún ẹni tí bàbá àgbà rẹ̀ ṣì jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀?

Ẹ̀sìn kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Àlùkùránì to àwọn ìbátan tí ènìyàn kò gbọdọ̀ fẹ́ lẹ́sẹẹsẹ, ó sì pín ogún fún ẹni tí ó tọ́ sí. Ta ni yóò pa òfin wọ̀nyí mọ́ nígbà tí kò mọ ẹni tí ó bá òun tan? Àwọn ọmọ ìyá ti ń tú ká sí Èkó, Kánò àti Lọ́ńdọ́nù. Àwọn ọmọ wọn lè pàdé ní yunifásítì, kí wọ́n máa bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó láìmọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n mímọ orírun kì í ṣe fún ìgbéraga. Jíjẹ́ ọmọ ọba tàbí ọmọ àáfà ńlá kò lè bá ẹnikẹ́ni kírun. Kì í sì í ṣe fún bíbọ òkú ọ̀run. Fún ojúṣe ni: kí a lè mọ opó tí ó yẹ kí a gbọ́ bùkátà rẹ̀, ọmọ òrukàn tí ó yẹ kí a rán lọ sí ilé ìwé, àti ẹni tí ìjà ilẹ̀ ti lé kúrò nínú agbo.

Nítorí náà, kí ìpàdé ẹbí má ṣe mọ sí aṣọ ẹbí àti oúnjẹ jíjẹ. Nígbà tí gbogbo ilé bá péjọ ní Iléyá, kí a ra ìwé kan. Kí a kọ orúkọ àwọn tí ó ti lọ àti àwọn tí ó wà láyé sínú rẹ̀, ti ìdílé bàbá àti ti ìdílé ìyá, agbo ilé tí wọ́n ti wá, àti oríkì orílẹ̀ wọn. Kí àwọn ọmọ máa béèrè, kí àgbà máa fèsì. Kí àwọn tí ń bínú síra wọn bọ ara wọn lọ́wọ́ kí ìpàdé tó túká. Àgbà kan tí ó kú láìsọ ohun tí ó mọ̀, ọ̀pọ̀ ìran ni ó gbé wọ ilẹ̀ lọ.

Kí Ọlọ́hun Ọba so okùn ìbátan gbogbo ìdílé le, kí ó má sì jẹ́ kí ó já. Àmín.