Epo Jíìpù Ọ̀gá àti Owó-Oṣù Awakọ̀

(Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa)

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí dà bí ọ̀rọ̀ olówó. A ti rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lọ́hùn-ún: kí ló kan ẹni tó wọ dánfó wá síbi iṣẹ́ nípa epo tí jíìpù olówó ńlá ń mu? Ó kàn wá. Àwa la ń wa jíìpù náà, àwa la ń ra epo sí i, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá sì bàjẹ́, owó-oṣù tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò.

Ẹ rántí ẹjọ́ arákùnrin wa kan tó jẹ́ awakọ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ. Jíìpù tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ni ọ̀gá rà. Kò pé oṣù mẹ́rin, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́-kọ́-kọ́ bó bá ń gun òkè, agbára rẹ̀ sì ń dínkù. Mẹkáníìkì ọ̀gá ṣí ojú ihò epo, ó rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé premium nìkan ni kí wọ́n máa rọ sí i, nọ́ńbà 91. Ni ọ̀gá bá ní awakọ̀ ń ra epo pọ́ọ́kú, ó sì ń fi ìyókù owó sápò. Wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ fún un, wọ́n ní àwọn yóò máa yọ owó àtúnṣe nínú owó-oṣù rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Arákùnrin wa kò rí èsì fọ̀. Rìsíìtì ilé epo nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa náà, kí a má purọ́, a kò mọ ohun tí a ó wí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, a sì lọ wádìí.

Ohun tí a rí nìyí. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ń fa epo àti afẹ́fẹ́ sínú sílíńdà, písítìnì á fún wọn pọ̀, plọ́ọ̀gì á wá ṣáná sí i. Bí iná bá ràn láti ọ̀dọ̀ plọ́ọ̀gì lọ bó ṣe yẹ, ọkọ̀ á rìn dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ́npúrẹ́sọ̀ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tí a bá fún pọ̀ máa ń gbóná. Bó bá gbóná jù, apá kan nínú epo náà á gbiná fúnra rẹ̀ kí iná plọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òun ló ń dún kọ́-kọ́-kọ́. Kì í ṣe èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní "ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì" o. Ìyẹn, ẹ́ńjìnnì ti kú nìyẹn. Èyí ṣì jẹ́ ìkìlọ̀, àmọ́ bí a bá fi í sílẹ̀ títí, ó lè ba písítìnì jẹ́.

Nọ́ńbà octane tí wọ́n ń kọ ni ìwọ̀n bí epo ṣe lè fara da fífún pọ̀ láì gbiná fúnra rẹ̀. Premium kò lágbára ju regular lọ. Ó kàn ní sùúrù jù ú lọ ni. Ẹ́ńjìnnì tó ń fún epo pọ̀ gan-an, tàbí èyí tó ní tọ́bò, nílò epo tó ní sùúrù. Ẹ́ńjìnnì tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ kò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀. Ní ọdún 2016, AAA, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò Amẹ́ríkà, dán an wò, wọ́n sì sọ pé àwọn awakọ̀ ibẹ̀ ti ná ju bílíọ̀nù 2 dọ́là lọ láàárín ọdún kan lórí premium fún ọkọ̀ tí kò nílò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí gbogbo awakọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ yàtọ̀ síra. Ìwé ọkọ̀ lè sọ pé "premium required": ọ̀ranyàn ni. Ó sì lè sọ pé "premium recommended": ìmọ̀ràn ni. Ọkọ̀ òde òní ní ohun tó ń gbọ́ ìró kọ́-kọ́-kọ́ yẹn lára ẹ́ńjìnnì, tí yóò sì dá àkókò ìṣáná plọ́ọ̀gì padà sẹ́yìn. Ìró á dákẹ́, ṣùgbọ́n agbára á dínkù, ọkọ̀ á sì máa mu epo jù. AAA tún dán irú ọkọ̀ onímọ̀ràn yìí wò ní 2017: premium dín epo tí wọ́n ń mu kù ní ìwọ̀n 2.7 nínú ọgọ́rùn-ún, bí a bá pín in dọ́gba. Jíìpù Cadillac Escalade nìkan ló jèrè tó 7.1. Owó tí premium fi wọ́n ju regular lọ níbẹ̀ ju gbogbo èyí lọ dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a fún yín ní àpẹẹrẹ tó dùn mọ́ wa jù. Land Cruiser onílítà 5.7 àti Lexus LX 570, ọmọ ìyá ni wọ́n, ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nínú wọn. Ní Amẹ́ríkà, regular ni wọ́n ní kí a rọ sí Land Cruiser, agbára rẹ̀ sì jẹ́ ẹṣin 381. Premium ni wọ́n ní kí a rọ sí Lexus, tirẹ̀ jẹ́ 383. Ẹṣin méjì péré! Ọ̀gá tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ ì bá kọ́kọ́ bi awakọ̀ rẹ̀ léèrè.

Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ilé. Lára gbogbo ẹ̀rọ epo tiwa, PMS ni wọ́n ń kọ, Premium Motor Spirit. Bí a ṣe gbé rìsíìtì síwájú ọ̀gá nìyẹn, a ní, "Ẹ wò ó, sà, premium ló rà." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n orúkọ lásán ni, a kò sì fẹ́ fi irọ́ jàre. Ní Amẹ́ríkà, regular jẹ́ 87, premium jẹ́ 91 sí 93. Ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń wọn epo níbẹ̀, wọn á pa méjèèjì pọ̀, wọn á fi méjì pín in. Ọ̀nà kan péré, RON, ni Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Yúróòpù ń kọ, nọ́ńbà rẹ̀ sì máa ń ga jù. 91 ti ojú ihò epo jíìpù Amẹ́ríkà yẹn tó bí 95 ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá fi 91 ti ibì kan wé 91 ti ibòmíràn, ó ti ṣì í kà.

Ìbéèrè tí a wá bi ilé-iṣẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: ilé epo wo ló ń ta oríṣi méjì ní ìlú yìí kí awakọ̀ tó yan èyí tó pọ́ọ́kú? Wọn kò rí ọ̀kan dárúkọ. Epo kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń rà, olówó àti tálákà. Ẹni tó ra ọkọ̀ tí epo ìlú kò bá mu ni kó dáhùn.

A kò gbàgbé ti ọdún 2022 náà, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ìlú, tí ó ba ọkọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Awakọ̀ wo ló lè fojú mọ ìyẹn nídìí ẹ̀rọ epo?

Ó sì ní ìtàn kan tó yẹ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ̀. Láyé àtijọ́, òjé tí wọ́n ń pò mọ́ epo ni wọ́n fi ń mú nọ́ńbà octane ga. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1924, níbi tí wọ́n ti ń ṣe é ní Bayway, ní New Jersey, òṣìṣẹ́ márùn-ún ya wèrè, wọ́n sì kú, àwọn tó lé ní ọgbọ̀n dèrò ilé ìwòsàn. Síbẹ̀ wọ́n ń tà á lọ. Ọdún 2021 ni Algeria, orílẹ̀-èdè tó kẹ́yìn, ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ epo olójé dúró fún ọkọ̀ ojú pópó. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé oògùn inú ìgò wá fún yín pé ẹ dà á sínú epo kí octane lè ga, ẹ bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ilé-iṣẹ́ ti fagi lé owó tí wọ́n fẹ́ yọ. Oṣù kan tí wọ́n ti yọ, wọ́n dá a padà. Ìwé ìkìlọ̀ ṣì wà nínú fáìlì, a kò sì lè jà á tán, nítorí arákùnrin wa gbọ́ ìró náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹ̀rù ló bà á. A mọ ẹ̀rù yẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, a kò lè fi jàre.

Nítorí náà, awakọ̀ tí wọ́n bá fún ní ọkọ̀ tuntun, kó ṣí ojú ihò epo lọ́jọ́ náà gan-an, kó ka ohun tó wà níbẹ̀, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìrìnnà ọkọ̀ kí ọ̀gá fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ ti ọ̀ranyàn, ẹ wà á jẹ́jẹ́, ẹ má tẹ iná mọ́lẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú ẹrù, ẹ má jẹ́ kó gbóná jù. Bí ìró bá bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹ sì fún wa ní ẹ̀dà kan. Ẹ tọ́jú rìsíìtì. Akọ̀wé ti ṣe fọ́ọ̀mù kan fún un; ó wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, kí aṣojú gáréèjì kọ̀ọ̀kan mú ogún lọ.